Ọmọ Òrukàn: Ìdílé Ni Kí Ìjọ Wá Fún Un

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́ tòsí, ó ti di àṣà àwọn ìjọ wa, ní ìlú ńlá àti ní ìlú kékeré, láti di ìrẹsì, òróró, ọṣẹ àti aṣọ sínú ọkọ̀, kí wọ́n sì forí lé ilé àwọn ọmọ aláìníyàá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin á wọ aṣọ ẹgbẹ́, akọrin á kọrin, a ó to àwọn ọmọ náà ní ẹsẹẹsẹ, a ó ya àwòrán, àlùfáà á gbàdúrà, gbogbo wa a sì padà sílé pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn pé a ti ṣe iṣẹ́ tí Jákọ́bù Àpọ́sítélì rán ìjọ nípa àwọn aláìní baba. A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú ni ó gbé wọn débẹ̀, àánú kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a bi ara wa kí ọkọ̀ tó tún gbéra: nígbà tí àwa bá padà sí ilé wa, ilé ta ni àwọn ọmọ náà ń padà sí?

Èrò tiwa ni pé owó, àdúrà àti agbára tí àwa Kristẹni ń ná lórí ilé ńlá tí a kó ọmọ jọ sí yẹ kí ó máa yí padà díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìdílé: ìdílé tí ó bí ọmọ náà, bí ó bá ṣeé rí, ti ìbátan rẹ̀, bí ti òbí kò bá ṣeé ṣe, àti ti alágbàtọ́ tí a yẹ̀ wò dáradára, bí méjèèjì kò bá sí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, nítorí náà a ó sọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ta ni ó wà nínú àwọn ilé wọ̀nyí? Orúkọ tí a kọ sí ẹnu ọ̀nà wọn ń mú wa rò pé gbogbo ọmọ tí ó wà níbẹ̀ ni ikú ti gba ìyá àti bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2009, ẹgbẹ́ Save the Children tẹ ìwé kan jáde, nínú èyí tí wọ́n sọ pé, káàkiri àgbáyé, ó kéré tán, mẹ́rin nínú ọmọ márùn-ún tí ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó ní ìyá tàbí bàbá láàyè, tàbí àwọn méjèèjì pàápàá. Kí ni ó wá gbé wọn débẹ̀? Aya kú lórí ìkúnlẹ̀, ọkọ kò mọ bí a ti í tọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni kò rí owó wàrà. Ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ lóyún, ẹni tí ó fún un lóyún sì sá lọ. Ọmọ kan yarọ, tàbí kò gbọ́ràn, ilé ìwòsàn tí ó lè tọ́jú rẹ̀ sì jìnnà sí abúlé wọn. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni òbí rẹ̀ ń wá fún un. Òṣì ni ó sọ irú àwọn ọmọ wọ̀nyí di òrukàn. Bí ó bá sì jẹ́ òṣì ni, a jẹ́ pé òṣì ni ó yẹ kí a bá jà. Kò bójú mu kí a gba ọmọ lọ́wọ́ òtòṣì, kí a sì wá fi owó ńlá tọ́ ọ lójú òtòṣì náà.

Àwa ọmọ Yorùbá ní ẹ̀rí kan nínú ìtàn wa tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣóògùn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, àwọn míṣọ́nnárì sì kọ́ ọ ní ìwé. Lójú ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i ní Sàró, ọmọ tí kò ní ẹnìkan ni. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Àfàlà, ń bẹ láàyè ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, nígbà tí Àjàyí ti di Àlùfáà Samuel Crowther, tí ó sì ti bá àwọn míṣọ́nnárì dé Abẹ́òkúta, ìyá àti ọmọ fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí ó gba orúkọ Hannah. Ogun ni ó yà wọ́n, òkun sì wà láàárín wọn. Lónìí, ìyá ọmọ lè wà ní ìlú kejì, ní ìrìn wákàtí méjì pẹ̀lú ọkọ̀, kí ó má sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé.

Èkejì ni ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọkàn ọmọ. Olùkọ́ ni wá kí a tó di akọ̀wé ìròyìn. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́, a ní kí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta kọ àròkọ lórí “Ìyá Mi”. Ọmọ kan wà láàárín wọn tí ó ń ti ilé àwọn ọmọ aláìníyàá wá. Ìyá mẹ́ta ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀: ìyá àárọ̀, ìyá ọ̀sán àti ìyá òru. Ó kọ orúkọ ìyá àárọ̀, ó kọ ti ìyá ọ̀sán. Ti òru, ó ní òun kò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ni. A mú bíírò pupa dání títí, a kò mọ máàkì tí a ó fún àròkọ náà. Kò sí ẹni burúkú kan nínú àwọn obìnrin mẹ́ta wọ̀nyí. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ní àkókò ìwọlé àti àkókò ìjáde. Ṣùgbọ́n ọmọ ń fẹ́ ẹni tí kì í ṣíwọ́.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní orílẹ̀-èdè Ròmáníà, ìjọba Nicolae Ceaușescu ṣe òfin ní 1966 pé kí obìnrin má ṣe ṣẹ́ oyún mọ́, kí ènìyàn lè pọ̀ sí i ní ìlú. Ọmọ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ kò pọ̀, ọ̀pọ̀ òbí sì fi ọmọ wọn sílẹ̀ fún ìjọba tọ́. Nígbà tí ìjọba náà wó ní oṣù Kejìlá 1989, a bá ọmọ tí ó ju 100,000 lọ nínú àwọn ilé ìjọba. Ní 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Bucharest tí í ṣe olú-ìlú ibẹ̀. Wọ́n mú ọmọ 136 tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta láti inú ilé mẹ́fà, wọ́n sì ṣẹ́ kèké lórí wọn. Ìdajì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtọ́ tí a yàn, tí a kọ́, tí a sì ń sanwó fún. Ìdajì wà lábẹ́ ètò ìjọba bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin àbọ̀, a fún wọn ní ìdánwò ọgbọ́n orí, irú èyí tí a fi 100 ṣe òṣùwọ̀n ọmọ tí ó ń ṣe déédéé. Àwọn tí a fi sílẹ̀ lábẹ́ ètò ilé ìjọba gba nǹkan bí 73. Àwọn tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ gba 81. Àwọn ọmọ ìlú náà tí kò kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn rí gba 109. Nínú àwọn tí a gbà tọ́, àwọn tí ó tètè bọ́ sí ọwọ́ alágbàtọ́, kí wọ́n tó pé ọdún méjì, ni ó ṣe dáradára jù. Ẹ jẹ́ kí àwa olùkọ́ ronú lórí òǹkà wọ̀nyí. Àwọn ilé náà ní òrùlé, ní ibùsùn, wọ́n sì ń pín oúnjẹ. Ohun tí wọn kò ní ni ẹnìkan tí yóò dá ẹkún ọmọ yìí mọ̀ yàtọ̀ sí ẹkún ọmọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A mọ̀ pé ilé tiwa níhìn-ín kò rí bí ti Ceaușescu; ọ̀pọ̀ ni ó kéré, àwọn tí ń tọ́jú wọn sì jẹ́ ọlọ́kàn rere. Síbẹ̀, bí ọkàn ẹni ti wù kí ó dára tó, obìnrin kan kò lè jẹ́ ìyá fún ọmọ ogún ní alẹ́ kan náà.

Ẹnìkan lè wí pé òyìnbó ni àwọn ará Ròmáníà, àwọn ni ó rí owó san fún alágbàtọ́. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ilẹ̀ adúláwọ̀. Rùwáńdà jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré tí kò ní epo rọ̀bì kankan. Ìpakúpa ọdún 1994 sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ di òrukàn níbẹ̀, àwọn ìjọ àti àwọn àjọ àjèjì sì sáré kó wọn jọ sí abẹ́ òrùlé. Ní àkókò náà, ìgbàlà ni ilé wọ̀nyí jẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ogun parí, ilé kò parí. Nígbà tí a ka orí àwọn ọmọ náà ní nǹkan bí ọdún 2012, ọmọ 3,323 ni a bá nínú ilé 33, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò tíì bí ní 1994. Ilé tí a kọ́ nítorí ogun ń rí ọmọ gbà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti tán, nítorí pé ibi tí a bá kọ́ àká sí ni ọkà ń gbà lọ.

Ní 2012 ni ìjọba Rùwáńdà fọwọ́ sí ètò pé kí àwọn ọmọ wọ̀nyí padà sí ìdílé. Ní 2013, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn ń jẹ́ Tubarerere Mu Muryango, èyí tí ó túmọ̀ sí pé “Ẹ jẹ́ kí a tọ́ wọn nínú ìdílé”. Wọn kò kàn ti ilẹ̀kùn lójijì kí wọ́n lé ọmọ síta. Òṣìṣẹ́ Wẹ́lífíà ni a rán sí ọ̀ràn ọmọ kọ̀ọ̀kan láti wádìí ìbátan rẹ̀, láti lọ wo ilé tí yóò gbé, àti láti múra ọmọ àti ìdílé sílẹ̀ fún ara wọn. Níbi tí kò bá ti sí ìbátan, wọ́n wá alágbàtọ́, tí wọ́n ń pè ní Malayika Murinzi, èyíinì ni Áńgẹ́lì Olùṣọ́. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, wọ́n yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rẹ́ Ìdílé, kí wọ́n máa yọjú sí ilé tí ọmọ wà, kí wọ́n sì sọ fún ìjọba bí nǹkan kò bá lọ déédéé. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ọmọ tí ó ju 2,000 lọ ti bọ́ sí inú ìdílé.

A kò ní parọ́ pé ó rọrùn. Àwọn tí ó ti di ọ̀dọ́ nínú ilé náà, tí wọn kò mọ ibòmíràn, ṣòro láti dá padà. Àwọn abirùn ni ó sì máa ń kẹ́yìn, nítorí pé ìdílé tí yóò gbà wọ́n nílò ohun tí ó ju inú rere lọ. Síbẹ̀, bí Rùwáńdà, tí aládùúgbò ti pa aládùúgbò níbẹ̀, bá lè rí aládùúgbò tí yóò gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́, kí ni àwíjàre tiwa?

Nísinsìnyí, àtakò tí ó lágbára jù ti wà lọ́kàn ẹ̀yin òǹkàwé wa: ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Ta ni kò mọ ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí tí ó lọ mú ọmọ wá láti abúlé pé òun yóò fi sí ilé ẹ̀kọ́, tí ó sì gbé igbá ọjà lé e lórí? Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ń rí wọn: àwọn tí ń pẹ́ dé, tí ń sùn ní kíláàsì, tí àpá pàṣán wà lẹ́yìn wọn. Òótọ́ ni, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìdílé tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò lè di ẹ̀wọ̀n fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé ńlá tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọmọ tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọlọ́pàá ti tú àṣírí àwọn ibi kan ní orílẹ̀-èdè wa yìí tí a fi orúkọ ilé ọmọ tàbí ilé ìwòsàn bojú, tí a sì ń ta ọmọ ìkókó nínú rẹ̀ bí ẹní ta ẹran. Ohun tí ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ wa ni pé kí a máa yan alágbàtọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí a sì máa yọjú síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Àtakò kejì ni ti ìran: “A kò mọ ibi tí ọmọ náà ti ṣẹ̀ wá, bí ó bá dàgbà, ṣé yóò bá ọmọ wa pín ogún?” Òfin ti sọ ẹ̀tọ́ ọmọ tí a gbà ṣọmọ, kò sì yẹ kí Kristẹni bẹ̀rù rẹ̀. Módékáì gba Ẹ́sítérì tọ́ nígbà tí kò ní òbí mọ́. Ọmọ Fáráò gbé Mósè láti inú omi, láìmọ̀ pé ìyá ọmọ náà gan-an ni òun ń san owó iṣẹ́ fún láti tọ́ ọ. Ẹni tí gbogbo ìjọ ń pè ní Olúwa pàápàá, ilé Jósẹ́fù káfíńtà ni ó ti dàgbà. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni ìwà àwọn tí ń wá ọmọ ọwọ́ nìkan, ní ìkọ̀kọ̀, tí wọn kò sì ní bojú wo ọmọ ọdún méje. Ìdílé ni a ń wá fún ọmọ. Ẹni tí ó bá yí i padà, tí ó ń wá ọmọ fún ìdílé, òun ni ó ń ṣí ọjà sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò ọmọ.

Ọ̀nà tí a ń sọ yìí kò ṣàjèjì sí ìsìn Kristi ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, inú ilé tiwọn ni Kúdẹtì ni wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ tí a fi sí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè sì dí ọ̀nà, tí owó kò wọlé láti òkè òkun mọ́, wọ́n ta nínú ẹrù ara wọn láti fi bọ́ àwọn ọmọ náà. Ìwà òbí nìyẹn: ebi tí ó pa ọmọ ni ó pa wọ́n. Ẹ̀yìn wọn ni ìjọ wá kọ́ ilé ńlá, tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó fi owó sílẹ̀ sára ògiri. Ìdílé kò ní ògiri tí a lè kọ orúkọ ẹni sí, bóyá ìdí nìyẹn tí owó kì í fi í lọ síbẹ̀.

Ní ti owó, ìdílé kò wọ́n tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé kan ní agbègbè Kagera ní Tanzania fi hàn pé owó tí a ń ná lórí ọmọ kan nínú ilé ìkójọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà iye tí a fi ń ran ìdílé lọ́wọ́ láti gba ọmọ tọ́. Owó ìrẹsì wa lè lọ jìnnà ju ibi tí ó ń dé lọ.

Òfin náà kò jìnnà sí wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn ti sọ di tiwọn, là á sílẹ̀ bí a ti í gba ọmọ tọ́ àti bí a ti í gba ọmọ ṣọmọ. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2009 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, inú ìdílé ni ó yẹ kí a ti tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ó kù ni ọwọ́ tí yóò ṣe é.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn olórí ìjọ pé, nígbà tí ọkọ̀ bá tún dé ilé àwọn ọmọ aláìníyàá ní oṣù Kejìlá, kí wọ́n béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá alábòójútó: mélòó nínú àwọn ọmọ yìí ni ó ní ẹbí tí a mọ̀? Ìgbà wo ni a lọ wá wọn gbẹ̀yìn? Èló ni yóò ná wa láti lọ wá wọn? Kí wọ́n fi apá kan nínú owó ọdún náà ṣe èyí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan sì wá, bí kò tilẹ̀ ju tọkọtaya kan lọ, tí yóò gba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin, kí ìyókù ìjọ sì gbé owó ilé ẹ̀kọ́ àti ti ilé ìwòsàn fún wọn. Ilé tí ó wà, kí a má ṣe fi ìbínú tì í. Kí ó di ibi tí ọmọ tí a rí he lóru yóò sinmi fún ìgbà díẹ̀, àti ibi tí ìyá tí ó rẹ̀ lè ti rí ìrànlọ́wọ́ kí ó tó pinnu láti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ni ojú ìlú. Ẹ mọ ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀. Ẹ bi í léèrè bí ó ti sùn, ẹ má sì dákẹ́ bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dùn ún gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, bí olùdíje yín bá dé, ẹ bi í pé: òṣìṣẹ́ Wẹ́lífíà mélòó ni ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ṣé wọ́n sì ní ọkọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ ilé wò? Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn, kí a fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti lọ wádìí rẹ̀ kí ó tó padà wá béèrè ìbò.

Àwọn baba wa wí pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Kí igba náà má ṣe gbàgbé ẹnìkan yẹn. Bí ó bá wà láàyè, kí a wá a kàn. Bí kò bá sí mọ́, kí a wá ẹnìkan mìíràn tí yóò dúró ní ipò rẹ̀, kí ọmọ náà lè ní orúkọ kan ṣoṣo láti kọ nígbà tí olùkọ́ bá ní kí ó kọ àròkọ nípa ìyá rẹ̀.